Bí Mo Ṣe Lọ Wo Sùnmọ́nù Ìwó Lẹ́wọ̀n ní Ilẹ̀ Faransé

Láti ìgbà tí mo ti dé, oríṣiríṣi ìtàn ni mo ti gbọ́ nípa ara mi nínú Ìwó yìí. Àwọn kan ní wọ́n jù mí sẹ́wọ̀n. Àwọn kan ní ṣe ni mo lọ gbowó lọ́wọ́ Faransé. Ẹnì kan tilẹ̀ wá bá bàbá mi kẹ́dùn pé mo ti kú, èmi sì wà nínú yàrá kejì tí mò ń jẹ èkuru.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí. Ohun tí mo fojú rí, n óò sọ pé mo rí i. Ohun tí wọ́n sọ fún mi, n óò sọ pé wọ́n sọ ọ́ fún mi ni. Ohun tí n kò mọ̀, n óò fi í sílẹ̀ bí mo ṣe bá a. N kò ní í dárúkọ ìlú náà, nítorí àwọn tó fún mi lóúnjẹ níbẹ̀ ṣì ń gbé ibẹ̀.

Búta ẹnu ọ̀nà

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ràbí tó ń ta èlùbọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Sùnmọ́nù ọkọ rẹ̀ ti wà lájò láti ìgbà tí èmi ṣì ń rá kòrò, ní ìlú kan létí òkun, ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso. Aṣọ ló ń tà níbẹ̀. Ìyá Ràbí bá a gbé ibẹ̀ pẹ́, kó tó wá sílé wá bá Ràbí ọmọ wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Àwọn aláàárù èbúté kọ iṣẹ́ àfipáṣe tí ìjọba ń kó wọn sí. Wọ́n ṣèpàdé. Sùnmọ́nù dìde nínú ìpàdé náà, ó ní òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ohun tí mo gbọ́ pé ó ṣe kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n mú un, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, oníṣòwò kan ti ọ̀hún dé, ó ní Sùnmọ́nù ti kú sẹ́wọ̀n. Ṣé ó rí òkú rẹ̀? Kò rí i. Ta ló sọ fún un? Ẹnì kan lọ́jà ni. Ta ni ẹni náà? Kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, síbẹ̀ ó rìn káàkiri agboolé wọn.

Alàgbà Búràímọ̀, àbúrò Sùnmọ́nù, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kí ẹ̀gbọ́n òun má lọ dùbúlẹ̀ sínú ilẹ̀ àjèjì láìsí àdúrà. Ó fẹ́ ṣe fìdáù, ó sì fẹ́ kí Ìyá Ràbí bọ́ sínú opó. Ìyá Ràbí kọ̀. Ní àárọ̀ kùtùkùtù ojoojúmọ́, á pọnmi kún búta tí ọkọ rẹ̀ fi ń ṣe àlùwàlá, á gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

Ìṣojú mi ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ kan tí mo lọ kí wọn.

"Ìyàwó, ta lo ń pọnmi sí búta yìí fún?"

"Ẹni tó ni ín ni, Alàgbà."

"Ẹni tó ni ín ti lọ."

"Ẹ fi sàréè rẹ̀ hàn mí, n óò dà á nù lójú yín."

Alàgbà yíjú sí mi. "Akọ̀wé, ìwọ tí o kàwé títí irun fi ń re lórí rẹ, bá wa sọ fún un."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ti kú. Ẹ̀yin náà kò sì mọ̀."

"Kí ni ìwé ọ̀hún wá wà fún?" Ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó jáde.

Ìyá Ràbí sún mọ́ mi. Ó ní, "Mi ò ní kí o gbèjà mi, Akọ̀wé. Ṣé o lè lọ wò ó ni?"

Àwọn tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n ẹlòmíràn

Ìdí tó fi bi mí ni pé ó ti gbọ́ nípa ẹgbẹ́ kan tí mo bá ṣe nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ kékeré ni. Iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wádìí àwọn tí ìjọba kan tàbí òmíràn tì mọ́lé nítorí ohun tí wọ́n sọ tàbí ohun tí wọ́n gbà gbọ́: bóyá wọ́n wà láàyè, bóyá wọ́n ń jẹun, bóyá wọ́n ń nà wọ́n. Wọ́n á kọ ohun tí wọ́n bá rí, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn ìjọba àti oníwèé ìròyìn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kàwé máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní, "Gàníyù, adájọ́ tí ẹnikẹ́ni ò pè! Ẹlẹ́wọ̀n Ìwó ńkọ́, ta ló ń ṣọ́ wọn?" Mo ṣì ń rò ó.

Alága wa jẹ́ ìyá àgbà òyìnbó kan tí ọkọ rẹ̀ kú sí àgọ́ ẹ̀wọ̀n nígbà ogun Hítílà. Nígbà tí mò ń bọ̀ wálé, ó tẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́ mi létí. Ó ní, "Bí a bá rán ọ níṣẹ́ lọ́jọ́ kan, má fi hàn pé o wà lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Má bú ọ̀gá ẹ̀wọ̀n, má sì sunkún níwájú ẹlẹ́wọ̀n. Bí o bá sunkún, o ti di ẹbí rẹ̀. Ta ló sì ń gba ẹ̀rí ẹbí?" Mo ṣèlérí fún un. Ìlérí náà kò nira fún mi, nítorí ojú mi kì í tètè sọ ohun tó wà nínú mi.

Mo kọ̀wé sí wọn nípa Sùnmọ́nù. Ó pẹ́ kí ìjọba ilẹ̀ náà tó gbà pé kí ẹnì kan ṣoṣo wá wò ó. Wọ́n ní kó má jẹ́ oníwèé ìròyìn, kó má sì jẹ́ agbẹjọ́rò. Wọ́n gbà pé kó jẹ́ èmi. Èrò tèmi ni pé wọ́n rí ọmọdé aláwọ̀ dúdú, wọ́n ní kò lè yọ àwọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n èrò ni, kì í ṣe ohun tí mo rí.

Bàbá mi, àfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, bi mí ní ìbéèrè kan péré. "Ṣé wọ́n á jẹ́ kí o padà?"

"Wọ́n ní àwọn á jẹ́, Bàbá."

"Wọ́n ní." Ó tún un sọ, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ kéwú rẹ̀. Àtìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí.

Ìlú tí wọ́n ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́

Ìlú náà lẹ́wà láti ojú òkun. Ilé funfun, igi àgbọn, òpópónà tí wọ́n gbá mọ́ bí ojú àwo. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá èbúté bọ̀ mí lọ́wọ́ kó tó tú àpótí mi palẹ̀, ó sì tún bọ̀ mí lọ́wọ́ nígbà tó tú u tán. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ẹnì kejì á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ìbáà jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Nílé wa, bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe ọ́ níbi, ojú rẹ̀ á ti sọ fún ọ. Níbẹ̀, n kò rí ojú kan tó sọ nǹkan kan fún mi.

Ọkùnrin onífìlà funfun kan ń tẹ̀ lé mi láti èbúté. Kò fara pamọ́. Bí mo bá yíjú padà, á ṣí fìlà rẹ̀, á kí mi. Bí mo bá dúró, á dúró. Mo rò ó pé bí ó bá fẹ́ kí n má mọ̀, ì bá ti fara pamọ́. Nítorí náà ó fẹ́ kí n mọ̀. Ìrònú yẹn kò ràn mí lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ ìlú náà mọ̀ wá. Ànàgó ni wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá. "Ànàgó, kí lò ń tà?" ni obìnrin kan kọ́kọ́ fi kí mi, ní èdè Yorùbá tó ti wọ́, tó gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà rẹ̀. Mo ní n kò ta nǹkan kan. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì kọjá sí òdìkejì òpópónà. Ó gbà mí ní àkókò díẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mo sọ. Ní ìlú yẹn, Ànàgó tí kò bá ta nǹkan, amí ni.

Abọ́ Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́

Ilé obìnrin kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo wọ̀ sí. Abọ́ onírin ló ń tà. Ó gbé oúnjẹ ìlú náà fún mi: gbágùúdá tí wọ́n rin, tí wọ́n sì sè lórí ooru omi títí ó fi dà bí iyanrìn etí odò, ó kan díẹ̀ lẹ́nu, ẹja díndín sì wà lórí rẹ̀. Mo rò pé n kò ní í fẹ́ràn rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán.

"Kí ni wọ́n ń pè ọ́?"

"Gàníyù ni mí, Ìyá. Ọmọ Ìwó."

"Ta ló bi ọ́ ní ti Ìwó? Bí o bá tún dárúkọ ìlú yẹn nínú ilé mi, n óò gba abọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ." Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni ojú rẹ̀ wà. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Sùnmọ́nù lo wá wá."

"N kò tíì sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá."

"Ànàgó tí kò ta nǹkan, tí bàtà rẹ̀ ń dún ko-ko-ko, tó ń jẹ ẹja bí ẹni ń ka ìwé. Kí lo tún lè máa wá?"

Mo bi í bóyá Sùnmọ́nù wà láàyè. Ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n mú un lọ ni mo rí i kẹ́yìn. Ohun tí mo bá sọ lé e, irọ́ ni mo pa." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú. Bí ó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ wa ì bá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó sọ tẹ̀ lé e ni kò jẹ́ kí n lè sinmi. "Wọ́n á fi ẹnì kan hàn ọ́, Gàníyù. Àgbà Ànàgó tó wà lẹ́wọ̀n yẹn kò kéré, kò sì sí èyí tí kò ní ilà lójú nínú wọn. Ṣé o mọ Sùnmọ́nù lójú?"

N kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tó kúrò ní Ìwó. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé n óò bi í ní orúkọ ìyá rẹ̀, àti orúkọ tí wọ́n ń pe Ràbí ní kékeré, àti ohun tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Mo fi ìbéèrè wọ̀nyẹn ṣe apata mi.

Tábìlì olódòdó

Ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n jẹ́ òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, oníwà pẹ̀lẹ́. Ó fún mi ní kọfí. Ó bi mí léèrè ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì, ó sì fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ tán. Ògbufọ̀ rẹ̀, ọkùnrin dúdú kan tó wọ kóòtù, ń túmọ̀ láìwò mí lójú rárá.

Nígbà tí kọfí tán, ọ̀gá ní, "Faransé nìkan ni ẹlẹ́wọ̀n yóò sọ. Ẹ̀yin ẹ sọ Gẹ̀ẹ́sì. A kò gba èdè mìíràn láàyè. Ìbéèrè tí ẹ óò bi í kò sì gbọdọ̀ kọjá ọ̀rọ̀ ìlera rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Báyìí ni apata mi ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n mú mi wọ yàrá kan. Wọ́n ti gbé àgbàlagbà kan jókòó sẹ́yìn tábìlì kí n tó dé. Aṣọ tábìlì náà funfun, ó wálẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó kanlẹ̀, wọ́n sì gbé òdòdó sínú ìgò sórí rẹ̀. Bùbá tuntun ló wà lọ́rùn ọkùnrin náà, ibi tí wọ́n ti ká a ní ìsọ̀ aláṣọ ṣì hàn lára rẹ̀. Ó rù. Ilà rẹ̀ jọ tiwa. Òdòdó ló ń wò. Àwọn wọ́dà méjì tó gbé ìbọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ọ̀gá ní, "Ẹlẹ́wọ̀n náà nìyí. Bí ẹ ṣe rí i, ara rẹ̀ le."

Àgbàlagbà náà gbójú sókè, ó wò mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e, n kò pinnu rẹ̀. Mo ti múra láti dúró gangan, kí n bi í ní ìbéèrè bí ọmọ ẹgbẹ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí mọ̀ bó ṣe ń rí. Kò sí ẹni tó ń ronú kó tó kí àgbà. Kí n tó mọ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, mo sì gbọ́ tí ìbọn dún kẹ́kẹ́ lókè orí mi.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Láti orí àga, láti orí ìdúró, kò sí ẹni tó lè rí abẹ́ aṣọ tábìlì yẹn. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ nìkan ló lè rí i. Àgbàlagbà náà kò wọ bàtà. Ṣẹkẹṣẹkẹ̀ wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì fi irin so ó mọ́ òrùka kan nínú ilẹ̀. Irin náà ti jẹ ẹran ara wọlé. Àkísà tí wọ́n fi wé ẹsẹ̀ òsì ti gbẹ mọ́ egbò. Ẹsẹ̀ náà wú débi pé n kò lè ya ọmọ ìka sọ́tọ̀ lára rẹ̀. Eṣinṣin wà níbẹ̀. Òdòdó ni wọ́n gbé sókè. Ohun tó wà nísàlẹ̀ nìyẹn.

Mo gbọ́ ohùn kan, Yorùbá ni, ó rọ̀, ó sì yára: "Dìde, ọmọ. Má jẹ́ kí ilẹ̀ àjò..."

Wọ́dà kan fọwọ́ lu tábìlì. Ìgò òdòdó ṣubú. Wọ́dà kejì ti gbá ẹ̀yìn ẹ̀wù mi mú, ó sì gbé mi dìde.

Ọ̀gá kò tíì dẹ́kun ẹ̀rín rẹ̀, èyí ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ó bi mí nípasẹ̀ ògbufọ̀ pé, "Ṣé olórí yín ni ọkùnrin yìí?"

"Rárá o. Wọ́n jù mí lọ ni."

"Ó jù ọ́ lọ ní kí ni?"

"Ní ọjọ́ orí."

Ìgbà yẹn ni ògbufọ̀ kọ́kọ́ wò mí lójú. Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, ó sì dà bí ẹni pé ó sọ púpọ̀ ju ohun tí mo sọ lọ. Ọ̀gá fetí sílẹ̀. Ó wá ní, "Níbí, ẹlẹ́wọ̀n kò ní ọjọ́ orí." Wọ́n sì mú mi jáde. Àgbàlagbà náà ṣì jókòó. Kò lè dìde, mo sì ti mọ ìdí rẹ̀.

Gbólóhùn tó kù

Wọ́n gba ìwé ìrìnnà mi. Wọ́n fi mí sínú ilé ìtura ìjọba kan, yàrá rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ìta. Onífìlà funfun jókòó sábẹ́ igi níwájú fèrèsé mi. Nígbà tí mo bá yọjú, á ṣí fìlà rẹ̀.

Ní àràárọ̀, ọ̀gágun kan á wọlé, á bọ̀ mí lọ́wọ́, á sì tẹ́ ìwé kan síwájú mi. Ó ní bí mo bá fọwọ́ sí i, n óò wọkọ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Mo kà á. Ó sọ pé mo rí ẹlẹ́wọ̀n náà. Pé ó wà láàyè. Pé ó jókòó. Pé aṣọ rẹ̀ mọ́. Pé ẹnikẹ́ni kò lù ú níṣojú mi. Gbogbo gbólóhùn inú rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́, àpapọ̀ wọn ló jẹ́ irọ́. N kò rí irú rẹ̀ rí nínú gbogbo ìwé tí mo kà.

Mo sọ pé n óò fọwọ́ sí i bí wọ́n bá fi gbólóhùn kan kún un, nípa ẹsẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ kò sí nínú àdéhùn.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé akíkanjú ni mí. Mo máa ń rò ó pé kò sí ẹni tó mọ ibi tí mo wà. Wọ́n lè kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù pé mo ti wọkọ̀ lọ, pé bóyá òkun ló gbé mi. Wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ á sì tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara mi pé òótọ́ kò di irọ́ nítorí pé a fọwọ́ sí i. Ẹ̀rù ló ń kọ́ mi ní ìrònú yẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ìrònú náà ń dùn mọ́ mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbọ́ ariwo lójú òpópónà. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ti gbájá mọ́dìí, ó dojú kọ ilé náà.

"Ẹ bá mi gba abọ́ mi o! Ọmọ Ìwó kan gbé abọ́ mi sálọ! Gàníyù ọmọ Ìwó! Inú ilé yìí ló wà! Ẹ̀yin Ànàgó, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ọmọ Ìwó, inú ilé yìí!"

N kò gbé abọ́ rẹ̀ kankan. Obìnrin tó ní òun á gba abọ́ lọ́wọ́ mi bí mo bá dárúkọ Ìwó ló wá ń kígbe rẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn Yorùbá ọjà jáde. Àwọn ọmọ ìlú náà dúró wòran. Onífìlà funfun dìde, ó ń fọwọ́ lé wọn bí ẹni ń lé adìẹ, kò sì rántí ṣí fìlà mọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo ọjà fi mọ orúkọ mi, ìlú mi, àti ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ mi.

Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n dá ìwé ìrìnnà mi padà, wọ́n sì fi mí sínú ọkọ̀ ojú omi. N kò lè sọ pé nítorí abọ́ ni. Ohun tí mo lè sọ ni pé èyí tẹ̀ lé ìyẹn. Ìwé wọn kò rí ìfọwọ́sí mi gbà.

Èsì láti Lọ́ńdọ̀nù

Èkó ni mo jókòó sí tí mo ti kọ gbogbo ohun tí mo rí, títí kan ìdọ̀bálẹ̀ mi, nítorí láìsí i, n kò lè ṣàlàyé bí mo ṣe rí ẹsẹ̀. Mo fi í ránṣẹ́, mo dúró de èsì.

Ìjọba ọ̀hún ti yára jù mí lọ. Wọ́n kọ̀wé sí ẹgbẹ́ wa pé ẹbí ẹlẹ́wọ̀n náà ni ẹlẹ́rìí tí wọ́n rán, tàbí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Pé ó forí balẹ̀ fún un níṣojú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Pé kò sí ẹni tó lè gba ẹ̀rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ gbà pẹ̀lú wọn. Alága kò bú mi. Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló dé tí mo ṣe é? Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni ó ń dà bí ẹ̀bi tó.

Ẹ̀rù mìíràn wá mú mi, ó sì ju ti ilé ìtura lọ. N kò mọ ohun tí wọ́n fi ojú àgbàlagbà náà rí lẹ́yìn tí mo jáde. Ó sọ Yorùbá níbi tí wọ́n ti kà á léèwọ̀, nítorí tèmi. Bí mo sì ti ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, mo rí i pé n kò tilẹ̀ lè búra pé Sùnmọ́nù ni. Mo rí àgbàlagbà Yorùbá kan tó wà nínú ìyà. Ẹ̀rí tí mo mú bọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé

Mo dé Ìwó, mo lọ tààrà sí agboolé wọn. Alàgbà Búràímọ̀ wà níbẹ̀. Aṣọ opó ti wà lórí ẹní, wọ́n ká a dáadáa. Ìyá Ràbí jókòó sórí àpótí. Ó kàn ń wo ẹnu mi.

Mo ní, "Wọ́n mú mi dé iwájú ẹnì kan."

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbéèrè tí wọ́n lè bi mí: nípa ojú, nípa ilà, nípa gíga. Alàgbà kò bi mí ní ọ̀kankan nínú wọn. Ó tẹ ara rẹ̀ síwájú.

"Nígbà tí o rí i, ṣé o dọ̀bálẹ̀?"

Ẹnu yà mí. "Mo dọ̀bálẹ̀, sà."

"Bí o bá ní o kò dọ̀bálẹ̀ ni, ǹ bá ní irọ́ lo pa, o ò dé ibẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Báwo ló ṣe dá ọ lóhùn? Àgbà kì í wo ọmọ nílẹ̀ kó dákẹ́."

Ohun tí Lọ́ńdọ̀nù fi ba ẹ̀rí mi jẹ́ ni Ìwó kọ́kọ́ bèèrè. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ìrètí wọn gbé èmi náà lọ. Mo pinnu pé ibi tí wọ́n ti gé e lẹ́nu ni èmi náà máa dúró sí, n kò ní í fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Mo ní, "Wọ́n ní, 'Dìde, ọmọ. Má jẹ́ kí ilẹ̀ àjò...' Wọ́dà kò jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀."

"'...mọ àyà rẹ,'" ni Ìyá Ràbí wí.

Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń gba ẹrù lórí ẹlòmíràn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ọkọ òun ṣe máa ń dá gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá dọ̀bálẹ̀ fún un ní ìlú yẹn lóhùn, pé kí wọ́n yára dìde, kí ilẹ̀ àjò má mọ àyà wọn, kó má baà gbà wọ́n sọ́dọ̀. N kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹlòmíràn. Alàgbà náà ní òun kò gbọ́ ọ rí.

Alàgbà Búràímọ̀ ká ẹní náà pọ̀ mọ́ aṣọ opó, ó gbé e sábẹ́ apá, ó sì jáde. Mo rí i tó ń fi etí ẹ̀wù nu ojú rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Ràbí ní, "Akọ̀wé, nǹkan kan kù tí o kò sọ."

Mo ti rò ó láti Èkó bóyá kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́. Mo sọ ti irin, mo sọ ti àkísà, mo sọ pé ẹsẹ̀ òsì ni ó burú jù. Mo sọ pé n kò mọ bó ṣe rí lónìí, pé ó lè ti burú sí i, àti pé bí ó bá burú sí i, ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Ó tẹ́tí sí mi dé òpin.

"Ó ń dùn ún," ló wí. "Nǹkan kì í dun òkú."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọjá níwájú ilé wọn nígbà tí mò ń bọ̀ láti mọ́sálásí. Búta náà wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá, níbi tó máa ń wà. Omi tútù ló ti ń pọn sínú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Mo dúró, mo wò ó dáadáa kó má baà jẹ́ ojú mi ló ń tàn mí. Ooru ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Ràbí ti gbé omi náà kaná, kó lè lọ́wọ́ọ́rọ́ fún egbò ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀.